Àwòrán Ìyá Mi Lórí Mẹ́mórì

Ìyá mi kì í ya fọ́tò. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹnikẹ́ni tó bá gbé kámẹ́rà sí wọn, ìborùn ni wọn yóò fi bojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí àbúrò wọn obìnrin tó ń gbé Mọ́níyà lè wá sí Òkè-Àdó mọ́, tí ara ìyá mi náà kò sì gba mọ́tò, wọ́n pè mí.

"Wá yà mí, kí ọmọ yẹn lè rí mi."

Ìyá àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ ni "ọmọ yẹn".

Mo yà wọ́n nínú àgbàlá. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n fi àwòrán náà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, kó parí. Mo kọ̀. Wásáàpù a máa fún àwòrán pọ̀ títí ojú ènìyàn yóò fi di bàìbàì, ojú àǹtí wa kò sì ríran dáadáa mọ́. Bébà ńlá ni mo fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ sí.

Kọ̀ǹpútà mi kò ní ihò tí mẹ́mórì kámẹ́rà lè wọ̀, nítorí náà mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń tẹ fọ́tò ní Agbowó. Ó ki mẹ́mórì bọ inú káàdì rídà, ohun pẹlẹbẹ kékeré tí a ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, àwọn àwòrán náà sì yọ. Kí n tó lanu, ó ti pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà kó wọn kúrò lórí mẹ́mórì, dípò kí ó ṣe ẹ̀dà wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀dà ni kí ẹ ṣe."

"Bùọ̀dá, kíkó la máa ń kó o níbí. Ṣebí ẹ fẹ́ kí mẹ́mórì yín ṣófo ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Iná lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀. Ní ìlú tí iná ti ń lọ láìdágbére, ẹni tó bá ń kó ohun olóhun kúrò níbi tó wà, kí ó tó rí i dájú pé ó ti dé ibi tó ń lọ, àfojúdi ló ń ṣe. Kì í ṣe àìmọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé iná yóò lọ. A kàn gbà pé ti ẹlòmíràn ni yóò bàjẹ́. Gbogbo èyí ni mo sọ fún un nínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù náà.

"Ẹ jẹ́ kí n tan jẹnẹrétọ̀," ó ní, "kí ẹ tó máa bá ìwàásù yín lọ."

Nígbà tí iná dé, ọ̀pọ̀ àwòrán kò sí lórí mẹ́mórì mọ́. A wá inú kọ̀ǹpútà: àwọn tó kúrò ti dé síbẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà lójú ọ̀nà nígbà tí iná lọ ló dé lábọ̀, ìyá mi títí dé àgbọ̀n, ìyókù rí bí eérú. Òun gan-an sì ni èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò tíì dé tán, kọ̀ǹpútà kò tíì pa á rẹ́ lórí mẹ́mórì. Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin náà ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó ṣí i wò, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà ló ṣe fún oníbàárà tó tẹ̀lé mi náà. Mo dúró wò ó.

Ní Mọ́níyà, àǹtí wa gbé àwòrán náà súnmọ́ ojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti gbó o," wọ́n ní. "Kí ni wọ́n ń rín?"

"Wọn ò sọ fún mi, mà."

"Èmi ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Bá mi mú gèlè mi wá, kí o gbé kámẹ́rà rẹ. Mo fẹ́ fún wọn lésì."