Rìsíìtì Eyín Wúràọlá

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Wúràọlá Ọláfimíhàn kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀, irọ́ ló pa. Obìnrin tó lè bá ẹni tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀ láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀ ni tẹ́lẹ̀. Eyín iwájú méjì ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ sọ gbólóhùn kan, á kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ó rí i pé ó sàn kí òun dákẹ́ ju kí apá máa ro òun lọ.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Bọ́ládé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Kánádà, ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tí iṣẹ́ bá gbà á láyè, iṣẹ́ kì í sì í sábà gbà á láyè. Marks Gate, nílùú Ọba, ni Wúràọlá ń gbé, nínú fúláàtì tí ariwo ọkọ̀ ojú ọ̀nà A12 kì í dákẹ́ lójú fèrèsé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ni, yàrá lẹ́tà ni wọ́n sì fi í sí. Lẹ́tà tí àwọn ará ìlú bá kọ, òun ni yóò ṣí i, yóò fi ẹ̀rọ ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, yóò fi ránṣẹ́ sí ẹni tó kàn. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wà níbẹ̀ kí àrùn Kòrónà tó dé. Àwọn mẹ́ta ti ń ṣiṣẹ́ láti ilé báyìí. Ẹ̀rọ kò ṣeé gbé lọ sílé, nítorí náà Wúràọlá ló kù. Tó bá dé láàárọ̀, á kí ẹ̀rọ náà pé "Ẹ kú iṣẹ́ o," nítorí kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ láti kí.

Ètò ìlera kan wà fún àwọn òṣìṣẹ́. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó díẹ̀ nínú owó oṣù wọn. Tí o bá tọ́jú eyín, tàbí o ra awò ojú, wàá kọ́kọ́ san án lápò ara rẹ, wàá fi rìsíìtì ránṣẹ́, wọn á dá a padà fún ọ. Ṣùgbọ́n gbèdéke wà: ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹta, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tọdún yẹn ti wọlé lọ nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ò ràn án. Wúràọlá ti san ìdajì owó eyín àtọwọ́dá. Dókítà ti ṣe eyín náà tán, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó ń retí ìdajì tó kù. Ohun tí ètò náà bá dá padà ni Wúràọlá fẹ́ fi san án. Bí kò bá rí i gbà, eyín yóò máa gbé inú dúrọ́ọ̀, òun náà yóò sì máa bo ẹnu di ọdún mìíràn.

Ẹ má bi mí ìdí tí kò fi tètè ṣe é. Ẹni tó ń ya àwòrán ìwé onílé àti àlejò láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìwé tirẹ̀ á sú u, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. "Ó di ọ̀la," ló ń wí, ọ̀la ò sì tán, títí ímeèlì fi wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó jẹ́ ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù: òní ló parí o. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Wúràọlá fa pọ́ọ̀sì yọ, ó wá rìsíìtì, kò rí i. Ó da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì sórí tábìlì, kò rí i síbẹ̀. Ó pe ilé dókítà pé kí wọ́n bá òun tẹ òmíràn, ohùn inú ẹ̀rọ ló dá a lóhùn pé àwọn ti gba ìsinmi, ó di ẹ̀yìn Àjíǹde. Ìgbà náà ló rántí ibi tí rìsíìtì wà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìṣe wa nílé àdúrà, ẹ fetí sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n máa ń gbé àpótí onígi kan káàkiri ìjọ. Ohun tí o bá ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wàá kọ ọ́ sínú ìwé, wàá ká a, wàá jù ú sínú àpótí. Ìdí pẹpẹ ni yóò wà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọn á máa gbàdúrà lé e lórí, lẹ́yìn náà wọn á sun ún. A kì í kọ orúkọ sí i, Ọlọ́run mọ ẹni tó ni í. A kì í sì í ka ti ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Àìkú tó ṣáájú, nígbà tí àpótí dé iwájú Wúràọlá, kò ní ìwé lọ́wọ́. Ó fa ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà nínú pọ́ọ̀sì yọ, ó kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ká a. Ẹkún ló ń sun, kò tilẹ̀ wo iwájú ìwé náà.

Ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà pé òun ń lọ jẹun ọ̀sán, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Castle Green. Ibẹ̀ ni ilé àdúrà wọn wà, nítòsí ọ̀nà A13, láàárín ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà àti ibi ìkẹ́rùsí kan. Bàbá Akínbọ̀dé ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni, ó wa bọ́ọ̀sì nílùú yìí kó tó fẹ̀yìn tì, ìyàwó tirẹ̀ náà ti ṣaláìsí. Ó ń gbálẹ̀ nígbà tí Wúràọlá dé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ìyá Bọ́ládé. Ṣé kò sí o? Ẹ̀yin lọ́jọ́ iṣẹ́?"

Wúràọlá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ṣàlàyé. Bàbá gbọ́ ọ dópin kó tó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Ìwé tó bá ti dé ìdí pẹpẹ, a kì í fọwọ́ kàn án títí ọjọ́ rẹ̀ á fi pé."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mi ò ní mú un lọ. Fọ́tò rẹ̀ lásán ni màá yà."

"Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ máa tú u, ẹ mọ̀ pé obìnrin kì í wọ ibẹ̀. Èmi ni màá wọlé." Ó kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì fún ìgbà díẹ̀, ó wá wọlé lọ gbé àpótí jáde. Ó jókòó lórí àga, ó ń yọ ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ojú ibi tí wọ́n tẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ má wo ibi tí a kọ."

"Mo ti gbọ́."

Òótọ́ ni pé Bàbá gbọ́. Ṣùgbọ́n òdì ni Wúràọlá ká tirẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ tó kọ ló wà lókè gàdàgbà, kí Bàbá sì tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti kà á tán. Ohun tí Wúràọlá kọ sí Ọlọ́run nìyí: "Baba, ìdákẹ́ ilé mi ti sú mi. Rán ẹnì kan sí mi, ẹnikẹ́ni, tí yóò máa bi mí bóyá mo ti jẹun." Bàbá yí ìwé náà padà, ó rí orúkọ dókítà eyín, ó rí orúkọ Wúràọlá. Ó rọra tẹ́ ẹ sórí àga kejì.

"Òun nìyí," ló wí, ó sì ń wo ilẹ̀.

Wúràọlá mọ̀ pé ó ti kà á. Ojú tì í. Ó ya iwájú rìsíìtì. Fọ́ọ̀mù ètò ìlera tó wà lórí fóònù ní ó ku ẹ̀yìn, dandan ni kí àwọn rí ojú méjèèjì. "Wọn ò kúkú gbọ́ Yorùbá," ló wí fún ara rẹ̀, ó ya ẹ̀yìn náà, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Èsì wọlé pé wọ́n ti rí i gbà.

Bàbá ká ìwé náà, ó dá a padà sínú àpótí. Wúràọlá ti ń wọ bàtà nígbà tí Bàbá wá bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Bọ́ládé," ni Bàbá wí, "ṣé ẹ ti jẹun?"

Ẹ wò ó, inú ń bí mi tí mo bá dé ibi yìí. Tíì nìkan ló kan ẹnu obìnrin yìí láti àárọ̀.

"Mo ti jẹun, Bàbá. Ẹ ṣeun." Ó sì yára gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.

Ọjọ́ Àìkú méjì ni Bàbá fi dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn. Wúràọlá á ti gba ẹ̀gbẹ́ jáde kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán. Bàbá àgbàlagbà kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń sá fún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní Àìkú kẹta, kò dúró mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ti pé, wọ́n sun ìwé náà mọ́ àwọn yòókù.

Owó dé. Dókítà fi eyín náà sí i lẹ́nu, ó bá a mu rẹ́gí. Dókítà ní yóò kọ́kọ́ dà bíi pé nǹkan ẹlẹ́ni ló wà lẹ́nu rẹ̀, àfi kó máa sọ̀rọ̀ dáadáa. "Tí o bá délé, máa bá àwọn ará ilé rẹ sọ̀rọ̀," ni dókítà wí, "yóò mọ́ ọ lára láàárín ọ̀sẹ̀ kan."

Wúràọlá délé, ó jókòó. Ó pe Bọ́ládé, Bọ́ládé ò gbé e. Ó wá nọ́ńbà Bàbá Akínbọ̀dé, ó wò ó pẹ́, kò tẹ̀ ẹ́. Ó wá pe nọ́ńbà ètò ìlera tó wà lẹ́yìn káàdì rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì jọ sọ. Wúràọlá ní òun kàn ní kí òun dúpẹ́ ni, owó ti dé, eyín ti wọlé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó bá a yọ̀.

"Ṣé nǹkan mìíràn wà tí mo lè bá yín ṣe lónìí? Àbí ẹ fẹ́ fi ẹlòmíràn kún ètò yín? Ọkọ yín, tàbí ọmọ tí ẹ jọ ń gbé?"

Kò sí ẹni tó fẹ́ fi kún un. Ṣùgbọ́n Wúràọlá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ṣì ń rò ó, kí ọmọ náà jọ̀ọ́ bá òun ka gbogbo àǹfààní inú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kó rọra kà á. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Bó bá ti ka ọ̀kan tán, Wúràọlá á dáhùn pé òun ń gbọ́, òun wà níbẹ̀, kó máa kà á lọ.