Jẹ́nóà Pẹ̀lú Ìyá Tí Kò Bá Mi Sọ̀rọ̀

Mo ti wọ tréènì ní West End, ní Atlanta, nínú ooru rí, torí náà mo rò pé mo mọ òórùn ìtọ̀. Mi ò mọ nǹkan kan. Jẹ́nóà ló wá kọ́ mi. Àwọn ọ̀nà inú ìlú àtijọ́ wọn há débi pé tí èèyàn méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. Ògiri ọ̀hún á tutù, á máa yọ̀, bí ẹni pé ó ti ń làágùn láti ayébáyé. Oòrùn kì í débẹ̀. Ajá ló ń débẹ̀, gbogbo ajá Ítálì pátá.

Èmi ni mo ru gbogbo báàgì. Ìyá mi ṣáájú, wọ́n ń yára bíi nọ́ọ̀sì tí aláìsàn ń tẹ bẹ́ẹ̀lì pè, nọ́ọ̀sì náà sì ni wọ́n. Ọ̀rẹ́ wọn, Aunty kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Conyers lẹ́bàá Atlanta, ló wà láàárín wa. Kò wà níbẹ̀ lásán o. Láti ìgbà tí mo ti fi yunifásítì sílẹ̀ ni ìyá mi ò ti bá mi sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, wọ́n á rán èèyàn sí mi. Nílé, àbúrò mi ni wọ́n ń rán: "Sọ fún ẹni yẹn pé kó gbé ìdọ̀tí jáde." Bẹ́ẹ̀ èmi ẹni yẹn wà lórí kọ́ṣìn kan náà pẹ̀lú wọn, mò ń fi síbí gbá síríà sẹ́nu.

Ẹ má rò pé ìfẹ́ ni wọ́n fi mú mi lọ sí Ítálì. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ de ọjọ́ tí màá gboyè. Mi ò gboyè. Tíkẹ́ẹ̀tì náà ò ṣeé dá padà. Èmi ni wọn ì bá dá padà, ṣùgbọ́n ta ló máa gbà mí? Bí mo ṣe wọ bàálù nìyẹn, mò ń lọ ṣe àjọyọ̀ ìwé tí mi ò kà.

Ìyá mi ló yan Jẹ́nóà. Bàbá wọn ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù l'Ápápá láyé ijọ́un, ó sì máa ń sọ fún wọn pé ọkọ̀ kan ń ti Jẹ́nóà wá, funfun báláú, pé ìlú tó kan irú ọkọ̀ yẹn, èèyàn lè jẹun lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ohun tí èmi fẹ́ ní tèmi kéré: kí wọ́n wo ojú mi kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi, kó tiẹ̀ jẹ́ èébú, kí á tó padà. Torí mo mọ̀ wọ́n. Tí a bá fi lè dé Atlanta, wọ́n á bọ́ sẹ́nu shift, èmi náà á padà sẹ́nu iṣẹ́ mi ní warehouse, a ó máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà bí ayálégbé méjì. Ó lè di ọdún gbọọrọ.

Aunty ló kọ́kọ́ ṣubú. Ní ilé oúnjẹ kan lálẹ́, wọ́n gbé ẹja wẹẹrẹ kan wá, tútù ni, wọn ò sè é, wọn ò dín in, wọ́n kàn fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí. Ó ń wò wá tojú-tojú. Aunty ní, "Ẹ jẹ́ ká gbádùn ayé," ó gbé e mì. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ké sí wa: "Sister mi, ẹ máa lọ o! Ẹ fi èmi àti Jésù sílẹ̀ níbí!"

Ó wá ku èmi àti ìyá mi, kò sí ẹni tí wọ́n máa rán.

Wọ́n rí ẹni rán. Níwájú kàtídírà kan báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn, aláwọ̀ dúdú àti funfun bí ẹ̀wù ẹlẹ́wọ̀n, kìnnìún òkúta wà níbẹ̀ tí ẹyẹlé ti yàgbẹ́ sí lórí títí dé imú. Ìyá mi dúró tì í.

"Kìnnìún, bá mi sọ fún ọmọ yẹn kó ya fọ́tò mi."

Mo ní, "Kìnnìún, sọ fún Mọ́mì pé kí wọ́n sún kúrò, ìgbẹ́ ẹyẹlé fẹ́ kan wíìgì wọn."

Wọ́n sún. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, wọ́n rí pánla nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan, gbígbẹ, gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, bí èyí tí wọ́n ń rà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa nílé. Ojú wọn là! "Pánla rèé o!" A wọ ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ní kí wọ́n gbé e wá. Ohun tí wọ́n gbé wá, ojú mi rí i: pánla tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ànàmọ́ òyìnbó, ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òróró, kò sí ata, kò sí irú, kò sí àánú. Ó funfun bí ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ nínú bàtà òjò.

Ìyá mi kọjú sí ọkùnrin tó gbé e wá, wọ́n sọ Yorùbá sí i gbangba: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bi ọmọ yẹn, ṣé ó rí ohun tí wọ́n fi pánla ṣe?"

Ọkùnrin náà rò pé wọ́n ń yìn ín ni. Ó fi ẹnu ko ìka ara ẹ̀, ó tún da òróró lé e.

Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo rí i, sà. Pánla yìí jọ mí. Wọ́n náwó lé e, wọ́n rẹ ẹ́, wọ́n sè é, kò já mọ́ nǹkan kan."

Ètè wọn fẹ́ là. Wọ́n yára fi omi lé ẹ̀rín náà padà sísàlẹ̀.

A wá dé etí omi. Kò sí ọkọ̀ funfun. Omi dúdú ló wà níbẹ̀, epo ń dán lórí ẹ̀, ike, dáípà ọmọdé kan tó wú bí búrẹ́dì, àti òkú ẹja tó fikùn sókè. Ìyá mi tẹjú mọ́ ọn títí. Wọ́n ní, "Bàbá mi parọ́ fún mi." Èmi kọ́ ni wọ́n bá sọ ọ́, omi náà ni.

Mo fẹ́ ya fọ́tò wọn níbẹ̀. Mò ń fẹ̀yìn rìn, mo sì ti la ẹnu kí n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò rí ẹlẹ́ja tó ń fọ tábìlì ẹ̀ lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ mi kó sínú garawa ìfun ẹja. Mo ṣubú yakata, garawa dà lé mi lójú, ẹnu mi sì ṣì là sílẹ̀ gbayawu. Ó wọlé. Ó gbóná díẹ̀, ìyẹn ló burú jù. Gbogbo ohun tí mo jẹ láti Atlanta ló jáde.

"Má gbé e mì! Tutọ́! Tutọ́ dànù! Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀!" Ọwọ́ ìyá mi ti wà ní ọrùn mi. "Ṣé o forí gbálẹ̀? Wò mí. Má wo ilẹ̀, ojú mi ni kí o wò."

Mo wò wọ́n. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì. Ẹlẹ́ja nìkan ló dúró, ó di garawa ẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n fẹ́ rán an sí mi.

"Ọ̀bùn," ni wọ́n wí, sí èmi gan-an. "Dìde. Kí lo rí ní yunifásítì yẹn tí o fi kúrò?"

"Mi ò rí nǹkan kan, ma. Oorun ni mò ń sùn."

"Oorun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Tí class bá bẹ̀rẹ̀, màá ti sùn lọ."

Wọ́n fi ìborùn dí imú, wọ́n gbọn orí. "Èmi ń ṣe shift òru, ìwọ ń bá mi sun oorun rẹ̀ ní ọ̀sán! Bọ́ síwájú. Atẹ́gùn ń gbé òórùn ẹ bá mi."

Mo bọ́ síwájú. Omi ẹja ń kán sílẹ̀ létí mi, nǹkan kan tó ń yọ̀ wà nínú ọrùn ẹ̀wù mi tí mi ò fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Gbogbo ará Jẹ́nóà ń fẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ ògiri kí n lè kọjá. Ìyá mi ń bọ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń bú mi láti ìkòríta dé ìkòríta: ìwọ ọ̀lẹ, ìwọ olóorun, ìwọ tí o rìn láti Amẹ́ríkà wá fẹnu gba ìfun ẹja. Tí wọ́n bá dákẹ́ láti mí, mo máa ń dín ìrìn mi kù díẹ̀, kí wọ́n lè gbóòórùn mi dáadáa, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.