Ọjọ́ Tí Omi Tán Nínú Ọkọ̀ Wa

Mo ṣì kéré, n kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, nígbà tí ìjọba sé odò ẹ̀yìn ìlú wa, tí kò jìnnà sí Adó. Omi náà gòkè, ó bo ọ̀nà oko mọ́lẹ̀. Àwa tí òkè la mọ̀ ọ́n gùn di ẹni tó ń tukọ̀ lọ sóko. Bàbá mi ra ọkọ̀ onígi kan lọ́wọ́ apẹja ará Ìlàjẹ tó wá tẹ̀dó sí etí omi. Ọkùnrin náà ló kọ́ wa bí a ṣe ń di àjẹ̀ ìtukọ̀ mú. Ó kìlọ̀ fún wa pé kí a máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wá, nítorí afẹ́fẹ́ ojú omi ń gbẹ òógùn kí èèyàn tó mọ̀ pé òun ń làágùn. Bàbá mi fi tirẹ̀ kún un: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi odò. Sòbìà wà nínú omi nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n. Aràn gígùn ni, tó ń ti ẹsẹ̀ èèyàn yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Omi sísè la máa ń gbé dání, nínú kèrègbè kan.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ máa ń lọ. Ó ti ka ìwé mẹ́wàá, ó ń dúró de lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ń tukọ̀, á máa fi ohùn kékeré kọ orin ìjọ, àjẹ̀ rẹ̀ á sì máa bá orin náà rìn.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an. Nígbà tí a fi kó iṣu sínú ọkọ̀ tán, oòrùn ti kan àtàrí. Afẹ́fẹ́ dojú kọ wá. Agbára mi ò ká a, mo jókòó lórí iṣu, òun nìkan ló ń tù. Mo mu omi. Mo tún mu. Mo da díẹ̀ sórí nítorí ooru. Nígbà tí mo mi kèrègbè, omi inú rẹ̀ kò ju ẹnu méjì lọ. Mo nà án sí i.

“Mu ún,” ó ní. “Òùngbẹ ò gbẹ mí.”

Mo mu ún tán.

Nígbà tó yá, orin dákẹ́. Mo rí i pé òógùn ti gbẹ lójú rẹ̀ pátápátá. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó fi orúkọ ìyá wa pè mí, ó bi mí bóyá mo ti gbé ọbẹ̀ kaná. Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Omi yí wa ká, ó lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè. Mo fi ọwọ́ bù ú, mo gbé e dé ẹnu rẹ̀, mo rántí òfin bàbá mi, mo sì dà á nù. Mo gbé àjẹ̀, mo ń tù.

N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Apẹja náà ló rí wa, tó wá fa ọkọ̀ wa dé èbúté. Wọ́n da omi sí i lára, wọ́n bu omi sí i lẹ́nu, kò gbé e mì. Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sí ọsibítù ní Adó. Ó kú lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá mi bi mí: “Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ mu omi?”

“Ó mu ún, Yèyé.”

Kò bi mí mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì dé, bàbá mi kà á, ó ká a, ó fi sínú Bíbélì. N kò sunkún. Ẹ má rò pé ọkàn mi le. Ẹkún náà ni kò wá. Mo dúró dè é fún ọdún díẹ̀, mo wá gbàgbé pé mò ń dúró.

A ti rí ẹ̀yìn sòbìà báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ máa ń ti Adó wá, wọ́n á gbé ọkọ̀ oníke aláwọ̀ mèremère sójú omi, wọ́n á máa tù ú fún eré lásán. Olúkúlùkù ló ní ike omi tirẹ̀, wọ́n á máa mu díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn létí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì wà lára wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un.

“Bàbá,” ó ní, “sòbìà kì í pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ bá ti fún ẹ̀gbọ́n yín lómi odò náà mu.”

Mo ní mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ nípa ìlera nílé ìwé. Ayé ti yí, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Lóde òní, ọmọdé lè bi àgbà pé kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan, àgbà á sì wá èsì wí. Nígbà tiwa, òfin la mọ̀, a kì í bèèrè ìdí rẹ̀. Mo sì ń sọ ọ́ fún yín báyìí láìsí ẹkún, bí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé aládùúgbò.