Ọjọ́ Tí Mo Fi Rọ́máànù Wàásù Fún Àna Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fa àga sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi fún yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń hó nínú mi bí ìkòkò ẹ̀kọ láti ìjọ́sí. Bí n kò bá ṣí ìdérí rẹ̀, yóò ru bo iná mọ́lẹ̀.

Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan ní Parakou níbí tí a ń pè ní Ẹgbẹ́ Olùfẹ́ Ìwé. Orúkọ ńlá, àbí? Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wá: olùkọ́ liséè, ilé ẹ̀kọ́ girama, bí èmi, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àti oníṣòwò kan. Ọ̀sán Sátidé kan lóṣù ni à ń pàdé ní sàlọ́ọ̀nù alága wa ní àdúgbò Ladjifarani. A ó ti ka rọ́máànù kan lédè Faransé nílé, a ó wá fi Yorùbá jà lé e lórí níbẹ̀, a ó sì mu bísáàpù tútù, omi sóbò, lé e.

Mùsíé Adékànmbí ni alága. Búrò ìjọba ló ń ṣiṣẹ́ sí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Àwọ̀ ló fi to ìwé rẹ̀ sára ògiri: pupa pẹ̀lú pupa, búlúù pẹ̀lú búlúù. Bí ẹ bá bi í pé kí ni ìwé kan dá lé lórí, ẹ̀rù ń bà mí pé yóò ní àwọ̀ ewé ni.

Ẹ fọkàn sí ibi tí mo fẹ́ sọ yìí o. Mùsíé Adékànmbí kan náà ni àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Pọ́líìnì, ló fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. "Àna mi dáadáa" ló máa ń pè mí, èmi náà a sì kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ.

Ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan. Bí a bá sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan tán, kálukú yóò dìde, yóò sọ ẹni tí òun jẹ́ nínú rẹ̀. Alága ló dá a sílẹ̀. Ó ní kò sí bí èèyàn ṣe lè ka ìtàn láìbá ara rẹ̀ pàdé níbẹ̀.

Ìwé ìtàn ìgbà láéláé la kọ́kọ́ kà: ìlú kan, ogun, ọba, àti àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú. Nígbà tó kan kí a dìde, alága ní òun ni ọba. Madáàmù Ṣàńtálì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn àti jọ́gíráfì, ní olorì ni òun, pé ìyá ìyá òun tilẹ̀ wá láti ààfin. Alájì Músílíù, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta àǹkárá ní ọjà Arzèkè, ní òun ni Balógun. Ẹrú pọ̀ nínú ìwé náà ju ọba lọ, ẹ gbà mí gbọ́! Ṣùgbọ́n kò sí ẹrú kankan tó bí ọmọ sí Parakou. Àwọn ọba nìkan ló bímọ!

Èmi ńkọ́? Mo ní akéwì ààfin ni mí. Ẹ kò rí i bí? Èmi náà kò jìnnà sí abọ́ ọba.

Lẹ́yìn ìyẹn la ka ìtàn iwin, ti ọmọbìnrin kan tó ń bá odò sọ̀rọ̀, tó sì wọ ìlú kan tó wà lábẹ́ omi. Ha! Madáàmù kò lè bá ìwé náà sùn nínú yàrá kan náà. Ilé ìdáná ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì ta òróró àdúrà sí èèpo rẹ̀ títí àwòrán ara rẹ̀ fi bó kúrò. Alájì ní tirẹ̀ ń ṣe àdúrà kó tó ṣí i, a tún ṣe òmíràn bó bá pa á dé. Kí ló wá kà nínú ẹ̀? Síbẹ̀, gbogbo wọn ló di ọmọbìnrin alágbára náà nígbà tí ọjọ́ pé. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ewúrẹ́ tí wọ́n fi dán oògùn wò.

Ìwé ìfẹ́ ló tẹ̀ lé e. Àwọn ọkùnrin ní àwọn kàn ṣí i wò lásán ni, pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Kí ló wá dé tí ìwé alága fi ń ṣí fúnra rẹ̀ sí ojú ewé tí wọ́n ti fẹnu konu?

Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rín ti tán.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi kú. Àìsàn ráńpẹ́ ni, a kò tilẹ̀ rò ó sí ikú. Jẹ́jẹ́ ni ọkùnrin náà, kì í bá ènìyàn jà. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n jọ kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé, kò jìnnà sí ti alága. Ẹ̀gbọ́n mi ta aṣọ ní Arzèkè, lórí ìdúró, títí ilé náà fi ní òrùlé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀.

A kò tíì dá àga tí a yá fún ìsìnkú padà tí ẹbí ọkọ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ilé ọmọ àwọn ni. Wọ́n ní kí opó gba ilé baba rẹ̀ lọ ní Ṣábẹ̀, kó lọ sinmi. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn! Kó lọ sinmi!

Mo ní ká lọ sí kóòtù, òfin wà. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni wo ọmọdé. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá gbé ẹbí ọkọ òun lọ síwájú adájọ́, ta ni yóò tún dúró gẹ́gẹ́ bíi baba fún àwọn ọmọ òun lọ́jọ́ ìgbéyàwó?

Ọwọ́ Mùsíé Adékànmbí ni gbogbo rẹ̀ wà. Òun ló kàwé jù nínú ẹbí wọn, òun ni wọ́n ń fetí sí. Bó bá ní kí wọ́n fi opó sílẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀. Mo ní kí n lọ ko ó lójú. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí: "Àbúrò mi, bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Má lọ bá a jà. Fọgbọ́n ṣe é."

Ọgbọ́n kẹ̀? Ta ló ní ọgbọ́n tó èmi? Èmi tí mo lo ọdún tó pọ̀ ní yunifásítì, tí wọ́n kọ́ mi pé ìwé a máa tún ọkàn ènìyàn ṣe!

Èmi ló kàn láti yan ìwé lóṣù náà. Mo yan ìtàn ẹbí kan. Opó kan ló wà nínú rẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Opó kọ̀, kò jáde. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣú, àbúrò ọkọ gun orí ilé, ó ń ṣí páànù kọ̀ọ̀kan kúrò, obìnrin náà jókòó sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo ní bí okúta bá ka ìwé yìí, yóò sunkún. Mo ra ti alága fún un fúnra mi. Mo tilẹ̀ wá èyí tí èèpo rẹ̀ pupa, kó lè ráyè lára ògiri.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Kí a tó jókòó tán ni alága ti bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ń sunkún! Omijé gidi o, kì í ṣe ti orí ìtàgé. Ó ní òun kò sùn lóru tí òun kà á tán. Ó ka ọ̀rọ̀ tí opó sọ síta fún wa, tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n: "Ẹni tó dì mí mú ti kú. Ṣé ẹ ó wá máa wò mí kí n jábọ́ ni?"

Madáàmù na áńkáṣíìfù sí i. Alájì ń mi orí. Ó ní, "Walai, bí mo bá rí àbúrò ọkọ yẹn ní Arzèkè, mi ò ní ta aṣọ fún un!"

Inú mi ń dùn. Mo ní ó ti wọlé, ó ti wọ̀ ọ́ lára! Mo ti ń ro bí màá ṣe sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó tú ẹrù tó ti dì.

Ó wá kan kí kálukú dìde. Alága ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbé ọwọ́ lé àyà.

"Èmi," ó ní, "èmi ni opó yìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo rò pé etí mi ń ṣe mí.

Ó ní láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun ti kú, kò sẹ́ni tó ro ti òun. Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun tí òun ń wọ̀ bí ilé ara òun, òun ti di àlejò níbẹ̀. Àyè jókòó ni wọ́n ń fi lọ òun. Ó ní obìnrin kan wà níbẹ̀ tó di kọ́kọ́rọ́ mú, tí kò jẹ́ kí òun ráyè ṣọ̀fọ̀. Kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọlúàbí ni, ṣẹ́ ẹ mọ̀.

Wọ́n ń kí i ní pẹ̀lẹ́ yíká ilé. Mo fi ipá la ẹnu. Mo ní, "Mùsíé, ẹ jọ̀ọ́, ta wá ni àbúrò ọkọ nínú ìwé yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi tàánútàánú. "Àna mi dáadáa, irú ẹni bẹ́ẹ̀? Inú ìwé nìkan ló wà."

Mo ní, "Ó wà ní Ladjifarani."

"Ẹ wá fi hàn wá ká bá a wí!" Alájì ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Madáàmù tẹ́ra mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, ṣé mi ò lè bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ ni, kó ro ti ọkùnrin ọlọ́kàn rírọ̀ yìí mọ́ tirẹ̀?

Ṣé ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Ẹ dúró ná.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni ẹbí ọkọ ṣèpàdé nínú ilé ọ̀hún. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ. Baba Àgbà, ẹ̀gbọ́n baba wọn, ti Kétu wá láti wá dájọ́. Ẹni àgbà yìí kì í ṣe ìkà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi sọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé, ó ní òótọ́ ni, ó ṣojú òun náà. Ó ti ń sọ pé bóyá kí a jẹ́ kí ìyàwó wà níbẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ni Mùsíé Adékànmbí bá dìde. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Baba, ẹni tó dì mí mú ti kú. Ṣé ẹ ó wá máa wò mí kí n jábọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ opó yẹn ni o! Kò yọ ẹyọ kan. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi rà fún un ló há sórí, ó wá ń fi sunkún níwájú àwọn àgbà. Ó tẹ̀ síwájú, ó mú èyí tí opó sọ nípa àga ọkọ rẹ̀ tó ṣófo, ó mú èyí tó sọ nípa òjò. Baba Àgbà fi etí agbádá nu ojú.

Mo pariwo pé ìwé ló ti kó o, pé ọ̀rọ̀ opó ni, kì í ṣe tirẹ̀! Baba Àgbà yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwé wo? Ṣé ìwé ló bí ẹ̀gbọ́n fún un ni? Ọmọ mi, àna ni ẹ́ níbí. Ẹni tó ń sunkún báyìí ò lè purọ́."

Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi kó jáde kí òjò tó dé.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Bóyá ohun tó pa á lára nìyẹn. Ó kàn bi wọ́n pé, ṣé òun lè mú igi ìwọn aṣọ òun, èyí tí òun fi ń wọn aṣọ títà? Wọ́n ní kó mú un.

Lálẹ́ ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Zongo, ó bi mí pé báwo ni ìwé náà ṣe parí. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo ní ní ojú ewé tó kẹ́yìn, àbúrò ọkọ wá kúnlẹ̀, ó bẹ opó náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan páànù padà.

"Obìnrin ló kọ ọ́ àbí ọkùnrin?"

Mo ní obìnrin ni.

"Ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé nìyẹn," ó ní, ó sì yíjú sí ògiri.

Ní àná ni àtẹ̀jíṣẹ́ alága wọ Wasáàpù ẹgbẹ́. Ó ní sàlọ́ọ̀nù òun ti kéré fún wa. Láti oṣù tó ń bọ̀, ilé ẹ̀gbọ́n òun olóògbé ni a ó ti máa pàdé, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀. Ó tún ní kí èmi tún bá wọn yan ìwé, nítorí mo mọ ìwé tó ń wọ ènìyàn lára. Madáàmù fi àwòrán òdòdó fèsì sí i. Alájì fi ti àtẹ́wọ́ fèsì.

Kí ni mo rí kọ́? Mo ti rò pé ẹni tó bá sunkún nídìí ìtàn ti ronú pìwà dà. Irọ́ ni. Ènìyàn lè sunkún kí ojú rẹ̀ mọ́ dáadáa, kó lè rí ibi tí yóò ti bù ọ́ jẹ. Ìwé dára, mo ṣì ń kà á, mo ṣì ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń jẹ yín níyà, ẹ pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lójú, lójú gbogbo èèyàn. Ẹ má fi ìtàn ránṣẹ́ sí i. Yóò gba ìtàn náà, yóò sì wọ̀ ọ́ bí aṣọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ìwé kan wà tó ti yí ìkà padà níṣojú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mi ò ní fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ dárúkọ ìwé náà, n óò rà á lọ́la. Ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé mi, a kò sì mọ ibi tí a ó gbé ìwé sí mọ́.