Ká-Ṣírò-Ẹ̀-Ná àti Afárá Tó Ń Jó

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wọ ilé ìwòsàn ni gbogbo ìlú mọ Ká-Ṣírò-Ẹ̀-Ná. Olùkọ́ ìṣirò ní yunifásítì ni olóògbé náà nígbà ayé rẹ̀, ohun tó sì máa ń sọ lẹ́nu ṣáá ló di orúkọ mọ́ ọn lára. Ó ti kìlọ̀ fún ẹnjiníà tó kọ́ afárá ọ̀hún pé bí èrò bá ń gbẹ́sẹ̀ pọ̀ lórí rẹ̀, yóò máa fì.

Ẹnjiníà ní, "Ọ̀gá, irin ni mo fi kọ́ tèmi. Ṣọ́ọ̀kì lẹ fi kọ́ tiyín."

Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń fọn fèrè ló ṣíwájú lọ́jọ́ náà, àwọn àlejò pàtàkì sì ń bá wọn gbẹ́sẹ̀ ní gìrìgìrì. Wọn ò tíì dé àárín tí afárá fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ká-Ṣírò-Ẹ̀-Ná na ọwọ́ méjèèjì síwájú alága ìjọba ìbílẹ̀ tó wá ṣí afárá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bá orin rìn mọ́. Kí kálukú máa rìn bí ọ̀mùtí."

"Èmi? N ò fẹnu kan ọtí rí."

"Kò burú, sà. Ẹ máa wo igbákejì yín, òun mọ̀ ọ́n."

Gbogbo wọn bá ń ta síwá, ta sẹ́yìn, afárá sì rọlẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnjiníà gbé àwòrán afárá lọ bá a nílé.

"Bíi jangirófà táwọn ọmọdé ń fì lórí rẹ̀ ni," olùkọ́ sọ fún un. "Tó o bá ń tì í lásìkò tó fẹ́ lọ gan-an, á máa ga sí i. Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná, ká mọ ibi tó yẹ ká ti dá a dúró."

Àwọn méjèèjì jọ ṣe é. Wọ́n fi irin kún un níbi tí ìṣirò tọ́ka sí, wọ́n sì di ọ̀rẹ́.

Ìyàwó olùkọ́ ni kò bẹ̀rù ìṣirò kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kó bá òun wo ìrẹsì lórí iná. Ọkọ bá jókòó, ó ń ṣírò bí ooru ṣe ń wọ inú hóró ìrẹsì, títí èéfín fi gba ilé.

"Ó kù díẹ̀ kí ìṣirò mi jinná," ló sọ nígbà tí ìyàwó wọlé.

"Ìrẹsì ò lè dúró dè yín. Ó ti jóná."

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ìyàwó yìí dí. Egbò kan wà ní àtàǹpàkò rẹ̀ tí kò san, àwọn dókítà kan sì ti ń sọ pé àfi kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ọkùnrin tí kì í yé ṣírò nǹkan wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, ó gbé fìlà lé itan, bírò rẹ̀ sì wà nínú àpò. Dókítà oníṣẹ́ abẹ, obìnrin tó ti ṣe akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí, wá jókòó tì í.

"Ọ̀gá, ṣé a ò ní ṣírò ẹ̀ ná ni?"

"Ìyàwó mi ni. Tí mo bá ṣì í ńkọ́?"

"Ẹ ò ní nìkan ṣe é. Àwòrán iṣan wọn wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, wọ́n ń ṣírò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan, bí ẹni ń tọ ipa omi nínú páìpù. Ìṣirò ní kí wọ́n la ibi tó dí nítòsí orúnkún. Ìyàwó la ojú.

"Èmi ni mo ni ẹsẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì bi mí léèrè ibi tó ń dùn mí."

Ojú tì wọ́n. Wọ́n bi í, ó ní láti itan ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún àwòrán wò, wọ́n rí ibòmíràn tó fún lókè, èyí tí wọ́n ti fojú kéré. Wọ́n tún ìṣirò náà ṣe, ibẹ̀ sì ni dókítà là. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ọkọ di ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ti gbóná. Ẹ̀jẹ̀ ti dé ibẹ̀."

"Mo ti mọ̀," ni ìyàwó wí, "mi ò sì ṣírò nǹkan kan."

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Ká-Ṣírò-Ẹ̀-Ná sùn, kò jí mọ́. Ẹnjiníà sunkún bí ọmọdé níbi ìsìnkú rẹ̀. Dókítà ṣì ń bá àwọn aláìsàn míì ṣe irú ìṣirò yẹn, kò sì jẹ́ mú bírò kó tó bi wọ́n léèrè ibi tó ń dùn wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn lọ sílé.

Ìyàwó náà ń rìn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ títì lọ jẹ́jẹ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ bá a rìn, á ní kó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni ọkọ òun máa ń wà.