Ẹja Inú Kànga Ìyá Onílé

Oògùn apakòkòrò kan wà tí wọ́n máa ń dà sí ṣálángá nígbà ayé wa. Ó dúdú nínú ìgò, ṣùgbọ́n bó bá ti kan omi, ńṣe ló máa ń di funfun. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ojú a máa tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè. Àwọn ọmọ mi rò pé abẹ́rẹ́ ni mò ń bẹ̀rù. N kò sọ fún wọn rí pé ìlú Ọ̀jọ́ ni mò ń rántí.

Ọdún díẹ̀ ló kù kí Nàìjíríà gbòmìnira nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi kúrò ní Kàdúná wá sí etí ọ̀sà. Ṣọ́jà ni, ó ti jagun Bọ́mà, ìlà oyè méjì ló wà lápá aṣọ rẹ̀, wọ́n sì ti ṣèlérí ẹ̀kẹta fún un. Ọkọ̀ ojú irin gbé wa dé Èkó, ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé Ọ̀jọ́: èmi, òun, ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin, pẹ̀lú àpótí onírin mẹ́ta. Gbogbo bí ọkọ̀ ti ń fì ni mò ń pariwo, tí ọkọ mi ń fojú bẹ̀ mí pé kí n má dójú ti òun lójú àwọn atukọ̀. Ilé tí ìjọba ń kọ́ fún àwọn ṣọ́jà kò tíì ní òrùlé, wọ́n sì ní kí kálukú lọ wá yàrá láàrin ìlú. Yàrá kan ṣoṣo tí a rí wà ní agboolé ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Onílé.

Omi tútù ni Ìyá Onílé fi pàdé wa. Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ẹ kú ewu ọkọ̀ o. Ibi tẹ́ ẹ dé yìí á tù yín lára." Yàrá tó kángun sí tiwa ni obìnrin Ègùn kan ń gbé, opó tí kò rọ́mọ bí, tó ń ṣe òróró àgbọn. Ìyá Olóróró ni orúkọ tí ilé ń pè wọ́n. Àwọn náà ló dá iná fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí igi ọ̀hún tútù, èmi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi èèpo àgbọn dáná. Oore tí àwọn ìyá méjèèjì ṣe fún mi nìyẹn, ṣùgbọ́n èéfín ẹja àti ìdọ̀tí àgbọn nìkan ni ojú mi rí. Ní bárékè Kàdúná, ọ̀gá kan a máa wá yẹ ilé wa wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, èmi ni wọ́n sì máa ń yìn jù. Mo ti wá gbà pé kò sẹ́ni tó mọ ìmọ́tótó bí ìyàwó ṣọ́jà. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ojú tèmi kò ríran, ó tún ń ṣe fáàrí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo fa omi nínú kànga agboolé, tí mo bá ẹja kékeré kan tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú garawa mi. Mo bojú wo inú kànga, mo rí mìíràn, wọ́n pọ̀. Ṣé omi tí ẹja ń tọ̀ sí ni ọmọ mi yóò máa mu? Ká ní mo bi ọmọdé tó kéré jù nínú agboolé náà léèrè ni, yóò ti sọ fún mi pé Ìyá Onílé fúnra wọn ló kó ẹja síbẹ̀, kí wọ́n lè máa jẹ tanwíjí, àti pé bí ẹja bá ti ń ṣeré nínú omi, ọkàn gbogbo ilé balẹ̀ pé omi náà dára. N kò bi ẹnikẹ́ni. Mo dúró títí gbogbo wọn fi lọ sọ́jà, mo gbé ìgò oògùn tí ọkọ mi mú wá láti ibi iṣẹ́ fún ṣálángá, mo sì dà á sínú kànga, gbogbo rẹ̀ pátá. Mo tilẹ̀ ń kọrin. Lọ́kàn mi, bí wọ́n bá ti ọjà dé, wọn yóò dúpẹ́.

Igbe Ìyá Onílé ló jí ọmọ mi lójú oorun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹja ti kú sójú omi, omi sì funfun bí ìgbà tí wọ́n fún àgbọn sínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti di ti Ìyá Olóróró. Àwọn aráalé ti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀ rí pé kí wọ́n yé fún àgbọn nítòsí kànga, ìjà kékeré sì ti wà lórí rẹ̀. Ìyá Onílé pe gbogbo ilé jọ, wọ́n béèrè ẹni tó dé ìdí kànga. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Mo wá rántí pé oògùn ìjọba ni mo dà nù, pé ìlà kẹta ọkọ mi lè bá a lọ, àti pé a kò ní yàrá mìíràn ní gbogbo Ọ̀jọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Mo rí Ìyá Olóróró níbẹ̀ láàárọ̀."

Òótọ́ ni. Gbogbo wa la dé ìdí kànga láàárọ̀.

Ìyá Olóróró yíjú sí mi. Wọn ò pariwo. "Omi ni mo pọn. Ìyàwó wa, ṣé o rí mi kí n da nǹkan sí i ni?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo ṣáà rí, mà."

Ìyá Onílé fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n kó jáde. Ọjọ́ mẹ́ta náà kọjá, n kò jẹ́wọ́. Ọkọ mi béèrè ìgò oògùn, mo ní ó fọ́. Ní òwúrọ̀ tí Ìyá Olóróró ń lọ, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, mo sì rò pé èébú ni wọ́n wá bú mi. Ìgò òróró kékeré kan ni wọ́n nà sí mi. "Máa fi ra orí ọmọ," wọ́n ní. "Atẹ́gùn ọ̀sà ò dáa fún ọmọ kékeré." Mo gbà á. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wo bí wọ́n ti ń ru ìkòkò wọn lọ sétí omi, níbi tí ọkọ̀ Àgbádárìgì ti ń dúró.

Oṣù kan gbáko la fi ń ru omi láti ojú odò kan lọ́nà ìlú Ìbà. Nígbà tí a gbọ́n kànga gbẹ lẹ́ẹ̀mẹta, èmi ni mo fi agídí fa okùn jù, àtẹ́lẹwọ́ mi sì bó. Àwọn aráalé ń yìn mí pé òṣìṣẹ́ ni ìyàwó ṣọ́jà. Ìyá Onílé nìkan ni kò yìn mí.

Ọkọ mi gba ìlà kẹta. A kó lọ sí ilé ìjọba, a sì tún kó lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, tí mo sin ín tán, ni mo padà sí Ọ̀jọ́ láti lọ jẹ́wọ́. Ìyá Onílé ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n wọ́n dá ohùn mi mọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo ti mọ̀," wọ́n ní. "Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gbóòórùn ẹ̀ lára ìró ẹ."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀.

"Ṣọ́jà lọkọ ẹ. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ará Ègùn ò lẹ́nìkan níbí. Ibi tó rọrùn ni mo gbé e gbà. Ọlọ́run á bi èmi náà."

Mo ti rò pé bí mo bá sọ ọ́ tán, ara yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Mo bi wọ́n léèrè orúkọ Ìyá Olóróró, kí n lè wá wọn lọ sí Àgbádárìgì. Wọ́n ronú títí, wọ́n mi orí. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n jọ gbé agboolé kan náà, wọn kò sì mọ orúkọ tí àwọn òbí Ìyá Olóróró sọ wọ́n. Èmi náà fi òróró náà ra orí ọmọ mi títí ó fi tán nínú ìgò, n kò béèrè orúkọ wọn.

Orí ọmọ náà ti hewú báyìí. Bí mo bá ń gbàdúrà, mo máa ń fẹ́ dárúkọ obìnrin náà fún Ọlọ́run. Ìyá Olóróró ni mo ṣì ń wí, nítorí n kò ní òmíràn tí mo lè pè wọ́n.