Ọdún Tí Dalla Fi Olórí Rẹ̀ Sílẹ̀

Dalla ọmọbìnrin Orm kì í yára dáhùn ọ̀rọ̀. Bí o bá kí i láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run, yóò wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ, kó tó dá ọ lóhùn. Àwọn ará àfonífojì odò Kalda a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iná bá ń jó lórí òrùlé Dalla, yóò kọ́kọ́ bi iná náà pé ọmọ ta ni. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò sẹ́ni tó rí i rí kó tún gbé e mì.

Baba rẹ̀, Orm, ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láyé wọn nígbà náà ní Ísílándì, inú orí èèyàn ni òfin ń gbé, kò tíì wọ inú ìwé. Orm sì mọ apá tó jẹ mọ́ ààlà oko àti odò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ń rẹ́ irun àgùntàn, yóò máa kà á sókè. Dalla yóò di àgùntàn mú, yóò máa gbà á sọ́kàn. Nígbà tó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bí baba bá fo gbólóhùn kan, ọmọ á dá a padà fún un. Nígbà tó dàgbà, apẹja kan tó ń jẹ́ Bersi fẹ́ ẹ, ó bí ọmọbìnrin kan fún un, Gudny. Ọdún kẹsàn-án ìgbéyàwó wọn ni òkun gbé Bersi lọ tòun ti ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Dalla ti ń ṣe baálé ara rẹ̀ ní ilé Hvamm. Ó ní màlúù mẹ́jọ, ọgọ́ta àgùntàn, alágbàṣe mẹ́ta, àti pápá koríko kan létí odò. Pápá yẹn ni ẹ̀mí ilé náà. Koríko tí wọ́n bá gé níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n sá gbẹ, ni ẹran ń jẹ títí òtútù á fi lọ.

Ilẹ̀ náà kò ní ọba. Kò ní ajẹ́lẹ̀, kò sì ní ọmọ ogun tí í wá kanlẹ̀kùn. Olórí ló wà káàkiri, baálé kọ̀ọ̀kan ló sì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tí òun yóò tẹ̀ lé. Olórí á bá ọ gba ẹjọ́ rẹ rò, á kó èèyàn sẹ́yìn rẹ. Ìwọ náà á bá a lọ sí ìpàdé. Aládùúgbò méjì tí ẹran wọn ń mu omi kan náà lè máa tẹ̀ lé olórí méjì. Bí tìrẹ kò bá sì tẹ́ ọ lọ́rùn, o lè fi í sílẹ̀ níbi ìpàdé ìgbà ìrúwé, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Òfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin lọ́tọ̀, ojú èèyàn lọ́tọ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni ti fi olórí rẹ̀ sílẹ̀ ní àfonífojì Kalda. Baba Brand ni olórí tí wọ́n tẹ̀ lé. Nígbà tó kú, wọ́n tẹ̀ lé Brand, bí èèyàn ṣe ń jókòó sórí àpótí tó bá nínú ilé láìwò ó pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lágbára.

Ní ọdún kan, yìnyín orí òkè yọ́ lójijì, odò Kalda sì ya ọ̀nà tuntun. Nígbà tí omi fi máa fà, pápá koríko Dalla ti bọ́ sí òdìkejì odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ Glum. Glum yìí, àbúrò ìyàwó Brand ni. Nígbà tí koríko gbó, Glum kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá pẹ̀lú dòjé ọlọ́wọ́ gígùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Dalla gun ẹṣin la odò kọjá lọ bá wọn.

“Glum, pápá ta lò ń gé?”

“Ìyá Gudny, ẹ bi odò. Odò ló gbé e fún mi.”

“Odò kò ní ilẹ̀ tí yóò fi ta èèyàn lọ́rẹ. Bí omi bá ya, ààlà kì í bá a ya. Ibi tí omi ń gbà lọ́jọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀ ni ààlà wà.”

“Ẹ̀yin àti òfin! Ó dáa, ẹ máa fi òfin bọ́ màlúù yín.”

Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Dalla yí ẹṣin padà, ó di ilé Brand.

Brand kò dìde lórí ìjókòó. “Dalla, ọ̀rọ̀ yìí kéré. Àna mi ni Glum. Ṣé o fẹ́ kí ìyàwó mi lé mi síta ni?”

“Ẹjọ́ ni mo gbé wá, mi ò gbé ìyàwó yín wá.”

“Mo gbọ́. N óò bá a sọ̀rọ̀.”

Kò bá a sọ̀rọ̀. Kí ọjọ́ ìbí Jésù tó dé, Dalla ti pa màlúù mẹ́ta, torí koríko tó kù kò lè gbé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dé ìrúwé. Ó pa wọ́n fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí Gudny wò ó. Ó mọ̀ pé bí Glum bá tún gé pápá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, Hvamm tú nìyẹn. Òun àti ọmọ òun á lọ máa ṣe alágbàṣe lábẹ́ òrùlé ẹlòmíì.

Ó ronú lé e lórí fún gbogbo ìgbà òtútù. Nígbà tí ọ̀nà là, ó gun ẹṣin kọjá òkè lọ bá Hallkel, olórí kan tí kò bá a tan rárá. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, ó wá bi í ní ìbéèrè kan péré: “Bó bá jẹ́ àbúrò ìyàwó tiyín ló gé pápá mi ńkọ́?”

Hallkel họ irùngbọ̀n. “Mi ò mọ̀. Mo lè ṣe bíi ti Brand. Bí mo bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi èmi náà sílẹ̀.”

Dalla wò ó títí. “Ká ní ẹ purọ́ fún mi ni, ǹ bá padà lẹ́yìn yín,” ó wí. “A ó pàdé níbi ìpàdé.”

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é: ìwọ yóò kọ́kọ́ sọ fún olórí tí o fẹ́ fi sílẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jẹ́ baálé ilé, lẹ́yìn náà, kí oòrùn ọjọ́ yẹn tó wọ̀, ìwọ yóò sọ fún ẹni tí o fẹ́ tẹ̀ lé. Dalla mú Eyvind, àgbàlagbà aládùúgbò rẹ̀ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àti Svart, tó ti ń ṣe alágbàṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró níwájú àgọ́ Brand.

“Brand,” Dalla wí, “mo wá sọ fún yín pé láti òní lọ, mi ò sí lẹ́yìn yín mọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí mi nìyí.”

Brand wo Eyvind, ó wo Svart, ẹ̀rín sì yọ lẹ́nu rẹ̀.

“Ìgbà wo ni Svart di baálé?”

“Ó ti gba ilé kan ní Bakki.”

“Ó ti gbà á. Ṣé ó ti kó débẹ̀?”

Kò tíì kó débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìpàdé ni ọjọ́ ìṣípò, kò sì sẹ́ni tó ń kúrò lábẹ́ òrùlé kan bọ́ sábẹ́ òmíràn kí ọjọ́ yẹn tó pé. Abẹ́ òrùlé Dalla ni Svart ṣì wà. Dalla mọ òfin yìí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì ni òun àti Gudny ti ń hun aṣọ ìbora fún ilé tuntun Svart, tí wọ́n ń bá a ro ibi tí ibùsùn yóò wà, títí ó fi di baálé lójú rẹ̀.

“Ìyá olófin!” ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn. “Òfin ti jábọ́ lórí rẹ̀!”

“Lọ wá ẹlòmíì kí oòrùn tó wọ̀,” Brand wí. “Bí o kò bá rí, ó dọdún tó ń bọ̀.”

Ọdún tó ń bọ̀! Glum á ti gé pápá náà tán.

Ó ń lọ láti àgọ́ dé àgọ́, Eyvind tẹ̀ lé e. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sídìí pátákò ẹṣin rẹ̀, kò gbójú sókè. Òmíràn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ní eyín ń dun òun, òun ò lè sọ̀rọ̀.

“Eyín wo?” Eyvind bi í. “Èyí tó kù ṣoṣo yẹn? Ó tún lójú láti máa dùn ọ́?”

Hallkel kò lè yọ̀ǹda èèyàn tirẹ̀. “Wọ́n á ní mo jí yín gbé ni,” ó wí, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ó dùn ún.

Oòrùn ti ń fara kan orí òkè nígbà tí ẹnìkan pe Dalla láti ẹ̀bá ọ̀nà. Kar ni, tó ń ṣe gàárì. Baálé ni ní òkè odò, ó sì ń tẹ̀ lé Brand.

“Ìyá Gudny, ẹ kọjá lára mi lẹ́ẹ̀mejì.”

“Gàárì Brand ni mo rí lọ́wọ́ rẹ, Kar.”

“Gàárì rẹ̀ ni. Ẹnu mi kọ́.”

Ó gbé gàárì náà lé èjìká, ó bá wọn lọ, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Brand.

“Ìwọ náà ń lọ?” Brand bi í.

“Rárá. Mo wà lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n bí Dalla kò bá lè lọ, èmi náà kì í ṣe ẹni tó dúró nìyẹn, Brand. Ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ni mí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Dalla tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ẹyọ kan, ó sì kẹ́yìn sí àgọ́ náà. Láti ibẹ̀ dé àgọ́ Hallkel kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Nínú ogójì ìṣísẹ̀ yẹn, Dalla kò ní olórí kankan láyé. Bí ẹnikẹ́ni bá nà án, kò sẹ́ni tí yóò gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Eyvind ní, “Ẹ yára o!” Kò yára. Ó ń rìn bó ṣe ń rìn lọ síbi tí ẹran rẹ̀ wà láràárọ̀, oòrùn sì ṣì wà lórí òkè nígbà tí Hallkel na ọwọ́ gbà á.

Obìnrin kì í rojọ́ níwájú àwọn adájọ́, Hallkel ló rò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe jọ ń jẹ ẹja gbígbẹ àti bọ́tà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dalla kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ Orm, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí olórí bá fò ó, ó dá a padà fún un. Àwọn adájọ́ fi orí kan orí, wọ́n ní ààlà wà níbi tó wà. Pápá di ti Dalla padà, Glum sì di koríko ọdún tó kọjá sẹ́yìn ẹṣin, ó ń kó o bọ̀, ó ń kùn bí oyin.

Ní ìrúwé ọdún kejì, ilé méjì míì fi Brand sílẹ̀. Wọn kò pariwo. Wọ́n mú ẹlẹ́rìí, wọ́n sọ ọ́, wọ́n lọ. Kar kò lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà, bí Dalla àti Gudny ti ń gé koríko létí odò, Brand dé, òun nìkan, lórí ẹṣin.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Gudny.”

“Ẹ kú ọ̀nà. Gudny, fún olórí ní wàrà.”

Ó mu ún tán, ó nu ẹnu. “Ìyàwó mi ló ní kí n wá bẹ̀ yín. Ó ní ilé wa ti dákẹ́ jù.”

Gudny fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín ń pa á.

“Hallkel ò ṣẹ̀ mí,” Dalla wí.

“Mo mọ̀. Kí ni kí n ṣe?”

Dalla gé koríko dé òpin ìlà kan, ó gé òmíràn padà wá. Brand dúró, ó di ìjánu ẹṣin mú.

“Àwọn arúgbó méjì kan wà ní Holt,” Dalla wí nígbẹ̀yìn. “Ẹṣin Glum ló ń jẹ koríko wọn láti ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn ò sì lágbára láti rìn dé ìpàdé lọ fi yín sílẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ lónìí. Tèmi, ká sọ ọ́ ní ìrúwé.”

Brand gun ẹṣin rẹ̀. Níbi tí ọ̀nà ti pín, tí apá ìsàlẹ̀ lọ sílé rẹ̀, tí apá òkè lọ sí Holt, ẹṣin náà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba apá òkè. Dalla wò ó títí ó fi kọjá ìyípo òkè, ó pọ́n dòjé rẹ̀, ó sì sọ fún Gudny pé kó bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí koríko ṣì tutù, tí dòjé ń gé dáadáa.